Omi Tó Fà Mí Lọ Ló Gbé Mi Bọ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ẹ̀rí mi, torí bí mo bá sáré sọ ọ́, ẹ ò ní mọ bí ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi ti tóbi tó.

Iṣẹ́ edé ni mò ń ṣe, irú edé ńlá tí àwọn ará Èkó máa ń wá rà ní Igbókọ̀dá. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti òkè lè má mọ bí a ṣe ń rí i. Inú òkun ni ìyá edé ń yé sí, àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ máa ń wọ odò wá, wọ́n á sá sábẹ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà níbi tí omi iyọ̀ àti omi dídùn ti pàdé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà. Bí wọ́n bá tó, wọ́n á dúró de omi tó ń fà, wọ́n á bá a padà sí òkun lóru. Ojú ọ̀nà yẹn la ti ń dè wọ́n. A ó ri òpó mọ́ ẹrẹ̀, a ó so àwọ̀n gígùn tó dà bí àpò mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ á kọjú sí òkè odò, ìdí rẹ̀ á kọjú sí òkun. Omi tó ń fà ló ń ṣiṣẹ́ fún wa. Bí omi ò bá fà, kò sí edé. Omi yìí kan náà ló fẹ́ gba ẹ̀mí mi.

Lẹ́ẹ̀mejì ni omi ń kún, lẹ́ẹ̀mejì ló ń fà láàárín ọ̀sán àti òru, ó sì máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Bàbá mi kò ní aago. Òṣùpá ni aago rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wa pé bí òṣùpá bá ti di àrànmọ́jú, tàbí tí kò bá sí lójú ọ̀run rárá, kí a fọ̀wọ̀ wọ omi, torí àkókò náà ló ń kún jù, òun náà ló sì ń fà jù. Bí òjò bá tún wá rọ̀ púpọ̀ lókè, tí àgbàrá bá omi tó ń fà jáde, ó ní kí ọlọ́mọ jókòó ti ọmọ rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ èyí. Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ ọ́n, mo sì lọ.

Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá ni. Òṣùpá yọ rokoso. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló gbà mí lọ́kàn. Èmi àti ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 19, la jọ wọ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti yá ẹnì kan ní ìdákọ̀ró onírin wa, búlọ́ọ̀kù kan tí mo so okùn mọ́ ló wà nínú ọkọ̀. Mo ní ìyẹn náà á tó.

Nígbà tí a débi àwọ̀n, ewéko tí òjò gbá wá láti òkè odò ti dí i lẹ́nu pa. Ibi tí a ti ń fà á ni òpó kan ti hú, tí àwọ̀n sì ya lọ, tó lọ́ mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì kú. Mo ju búlọ́ọ̀kù sómi. Ẹrẹ̀ tiwa kì í di búlọ́ọ̀kù mú, irin tó ní ìka ló ń gbé mì. Ṣe ló ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ, tí omi ń wọ́ wa tẹ̀lé e.

Ẹnu odò ni mo bẹ̀rù jù. Níbẹ̀, omi odò ń tì jáde, ìgbì òkun ń tì wọlé, àwọn méjèèjì a sì máa dìde síra wọn bí àgbò. Mo di ọmọ náà mú, mo ké pe Jésù. Ọkọ̀ wa gbọ̀n, omi dà sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dojú dé. Ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ etíkun wa nípọn bí ògì, ó sì máa ń rọ ìgbì lápá. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń bú ẹrẹ̀ yìí. Àwọn ẹlòmíràn ní etíkun oníyanrìn tí àlejò ń wá wò, àwa ní ẹrẹ̀ tó ń gbé ènìyàn dé orúnkún. Òru ọjọ́ náà ni mo dúpẹ́ lórí rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́.

A bọ́ sí gbangba òkun. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń pe ìyá rẹ̀. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ló kù. A rí iná gáàsì àwọn elépo tó ń jó lọ́ọ̀ọ́kán, pupa bí ojú ẹni tó ti sunkún. Ọmọ náà fẹ́ máa wa ọkọ̀ padà sílé lójú ẹsẹ̀, mo ní rárá, agbára wa á tán lásán. Mo ní kó máa gbọ́n omi, kí a dúró de omi kó yí padà.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó yí? Búlọ́ọ̀kù yẹn náà ni. Látìgbà tí omi ti ń wọ́ wa lọ, okùn rẹ̀ na tantan sí apá ilẹ̀. Nígbà tí òru jìn, mo fọwọ́ kàn án, ó ti dẹ̀. Mo di í mú, mò ń gbàdúrà. Ó dẹ̀ síwájú sí i, ó yí díẹ̀díẹ̀, ó wá na padà, sí apá òkun! Mo pariwo Halelúyà, ọmọ náà rò pé orí mi ti dàrú. Mo fa búlọ́ọ̀kù sókè, a kọ ẹ̀yìn sí iná gáàsì, a ń fi àjẹ̀ kan àti pákó ìjókòó wa ọkọ̀. Omi ń kún, atẹ́gùn òkun ń tì wá lẹ́yìn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí igi ẹ̀gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu odò tiwa. Omi ti ń gbé wa lọ sápá ìlà-oòrùn ní gbogbo òru, apá ibi tí Odò Benin ti ń wọ òkun. Ọwọ́ wa ti bó. Ibẹ̀ la ti rí ọkọ̀ bàbá àgbàlagbà kan pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn sọ èdè Ìjọ̀ Arógbò.

Àwọn àgbà ibí mọ ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwa Ìlàjẹ àti àwọn Ìjọ̀ Arógbò ní 1998. Wọ́n sun ilé níhà tiwa, wọ́n sun ilé níhà tiwọn. Látìgbà náà, n kì í dákọ̀ ró nítòsí ọkọ̀ wọn. Ọ̀tá ni mo ń pè wọ́n nínú ọkàn mi, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn mi.

Bàbá náà fi èdè wa bi mí pé ọmọ ibo ni mí. Ọkàn mi já. Mo ní, "Ìlàjẹ ni mí, bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn? Ibo nilé rẹ, kí n lè mọ ibi tí n ó fà yín lọ?"

Ó ju okùn sí wa. Ìyàwó rẹ̀ po gààrí, ó kọ́kọ́ gbé e fún ọmọ náà. Wọ́n fi epo ọkọ̀ tiwọn fà wá délé, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Okùn bàbá náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ Sátidé, bí omi bá ti kún, èmi àti ọmọ yìí á gbé e lọ fún wọn, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ edé tí ìyàwó mi ti yan sílẹ̀.