Ká Sọ Owó Iṣẹ́ Kí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀

Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tó ti bá àwọn ará Mẹ́kà da ẹran gba owó rí, tó sì bá Khadija gbé ọjà lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù kí iṣẹ́ Òjíṣẹ́ tó dé. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gba iṣẹ́ ṣe ni a fẹ́ sọ.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti òwò ló ń gbé àwọn ènìyàn wa wá síbí. Àwọn ọmọ wa ti rí ọ̀nà mìíràn báyìí. Wọn a jókòó sí yàrá ní Kubwa, ní Nyanya tàbí ní Mararaba, wọn a gbé kọ̀ǹpútà sórí ẹsẹ̀, wọn a máa bá ará Amẹ́ríkà tàbí ará Jámánì ya àwòrán, tún ìwé kọ, tàbí ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ọjà tí wọ́n ti ń rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà; Upwork àti Fiverr ni orúkọ méjì tí a máa ń gbọ́ jù. Àwọn òbí kan ti wá bá wa pé ẹ̀rù ń ba àwọn, pé àfi bí ẹni pé yahoo ni ọmọ àwọn ń ṣe. Kì í ṣe yahoo. Ọjà ni, bí ọjà Wuse ti jẹ́ ọjà: ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀, èèwọ̀ wà níbẹ̀, olóòótọ́ ń ná an, oníjìbìtì náà ń ná an.

Ẹni tó bá ka ìwé Risala ti Ibn Abi Zayd dé orí òwò ní ilé kéwú yóò rántí pé ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ Maliki pín iṣẹ́ gbígbà sí. Èkíní ni ijara: a mọ iṣẹ́, a mọ àsìkò, a mọ owó rẹ̀. Èkejì ni ju'l: ẹni tó bá mú ohun tí a ń wá dé ni yóò gba owó, ẹni tí kò bá mú un dé kò ní gba nǹkan kan, bó ti wù kó làágùn tó. Irú èyí ni ẹrù ràkúnmí kan tí wọ́n ṣèlérí nínú Súrà Yusuf fún ẹni tó bá rí ife ọba. Méjèèjì ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tí a ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ jọ ijara. Ìdíje tí ọgbọ̀n ènìyàn yóò ti ya àmì ilé-iṣẹ́ kan, tí ẹnì kan ṣoṣo yóò gbowó, ju'l ni ó fi jọ. A kò sọ pé kí ẹ má dán ìdíje wò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ kò gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ ilé rẹ̀ lé e.

Owó tí a mọ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wo Ànábì Musa nínú Súrà Al-Qasas. Ó sá kúrò ní Mísírà, kò ní ilé, kò ní ará. Bàbá àgbà tó gbà á síṣẹ́ ní Madyan ìbá ti sọ pé kó kàn máa ṣiṣẹ́ jẹun. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dá iye ọdún: mẹ́jọ ni dandan, bí Musa bá sọ ọ́ di mẹ́wàá, inú rere tirẹ̀ ni. Ohun tí Musa yóò rí gbà náà sì hàn kedere: ọmọ rẹ̀ obìnrin ni yóò fi fún un ṣaya. Àtìpó ni Musa, bíi tiwa, síbẹ̀ wọn kò fi àìní rẹ̀ rẹ́ ẹ jẹ.

Báwo wá ni ọmọ wa yóò ṣe mọ iye tó tọ́? Ní ọdún 2010 tí Fiverr bẹ̀rẹ̀, dọ́là márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ta iṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ọmọ wa kan sì rò pé iye iṣẹ́ nìyẹn títí di òní. Ọjà náà ń yọ dọ́là 20 nínú 100. Upwork yọ 10 nínú 100 láti ọdún 2023, láti 2025 ó di ohun tó ń yàtọ̀ láti iṣẹ́ kan sí èkejì. Nítorí náà dọ́là márùn-ún ti Fiverr ti di mẹ́rin kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Owó dátà ń bẹ, owó epo jẹnẹrétọ̀ ń bẹ, pàápàá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Àwa tí a ń tajà mọ̀ pé owó ọkọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù wà lórí ọjà kí á tó dá iye lé e. Kí ọmọ wa ka wákàtí tí iṣẹ́ kan yóò gbà, kó yọ gbogbo ìnáwó wọ̀nyí, kó wo ohun tó kù. Bí èyí tó kù kò bá tó ohun tí ọmọ oníbárò ń rí ní ọjà láàárín wákàtí kan náà, kó kọ iṣẹ́ náà. Ọmọ oníbárò gan-an kì í gbé ẹrù kí wọ́n tó dúnàádúrà.

Wọ́n máa ń bi wá nípa owó tí Upwork ń gbà kí ènìyàn tó lè tọrọ iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Connects. Lójú tiwa, owó ọkọ̀ lọ sọ́jà ni, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún ni ti ẹni tó ní òun fẹ́ gbà yín síṣẹ́, tó wá ń gba owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ yín lórí WhatsApp.

Ẹ jẹ́ kí oníbàárà kọ́kọ́ fi owó sọ́wọ́ ọjà kí ẹ tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Ọjà náà á di owó mú, á sì tú u sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Oníbàárà tó bá ní kí ẹ jáde kúrò níbẹ̀ kí ẹ má baà san ìpín ọjà, ẹ má tẹ̀lé e. Ẹ ti fọwọ́ sí àdéhùn, àṣẹ pé kí onígbàgbọ́ máa mú àdéhùn ṣẹ ni Súrà Al-Ma'ida sì fi bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí ó bá sá lọ, ta ni ẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́? Bákan náà ni yíyá àkáǹtì ẹni tó wà ní ìlú òyìnbó. A mọ ohun tó ń fà á: àwọn oníbàárà kan á rí Nàìjíríà, wọn á sì yí ojú sẹ́yìn. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, bí ọjà bá sì mọ̀, wọ́n lè ti àkáǹtì náà pa tòun ti owó inú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká wa lára jù kò sí lọ́dọ̀ òyìnbó o, àárín ara wa ni. Ẹni tó ti ní orúkọ rere lórí ọjà yóò gba iṣẹ́ dọ́là 200, yóò gbé gbogbo rẹ̀ fún ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà á fi òru mẹ́rin ṣe é, ó wá di ọjọ́ ìsanwó, ₦10,000. Kò tilẹ̀ dá iye kankan fún un tẹ́lẹ̀; "má ṣèyọnu, màá rí ẹ" ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ìwé ìròyìn TIME ti Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ ní Kẹ́ńyà tí ilé-iṣẹ́ Sama gbà láti máa ka ọ̀rọ̀ burúkú, kí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀, fún OpenAI. Dọ́là 12.50 ni wákàtí kan nínú àdéhùn ilé-iṣẹ́ méjèèjì; ohun tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ kò ju dọ́là méjì lọ. Sama ní owó náà kó ìnáwó mìíràn pọ̀. Ẹ wá fi ìṣirò yẹn wé dọ́là 200 àti ₦10,000, tí kò tó dọ́là mẹ́wàá lónìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti tú iye dọ́là sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, èyí tó wà ní nǹkan bíi ₦460 ní báńkì kọjá ₦1,400 lọ́dún 2024. Owó ọ̀gá ti di ìlọ́po mẹ́ta. Ti ọmọ dúró síbi tó wà.

A kò ní kí alárobọ̀ má jèrè. Òun ló wá oníbàárà, òun ló ń yẹ iṣẹ́ wò, òun ni wọn yóò bú bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Kó dá iye fún ọmọ náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó má purọ́ iye tí òyìnbó san, kó sì sanwó nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Nínú hádíìsì tó wà lọ́dọ̀ Bukhari, ẹni tó gba iṣẹ́ pé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tí kò san owó rẹ̀, wà lára àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹni tó bá ti jẹ irú gbèsè bẹ́ẹ̀, kó rántí àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí òkúta dé mọ́ inú ihò, tí Bukhari náà gba ìtàn wọn wá. Ẹnì kẹta nínú wọn ti gba àwọn òṣìṣẹ́ rí, ọ̀kan nínú wọn lọ láì gba owó rẹ̀. Ọkùnrin náà fi owó ọ̀hún ṣòwò títí tó fi di ràkúnmí, màlúù àti àgùntàn. Nígbà tí òṣìṣẹ́ padà wá béèrè, ó ní gbogbo èyí tó ń wò yìí, tirẹ̀ ni. Òṣìṣẹ́ rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó kó gbogbo rẹ̀ lọ, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Nígbà tí ọkùnrin yìí fi iṣẹ́ náà bẹ Ọlọ́hun ni òkúta kúrò lẹ́nu ihò. Ti àwọn ará wa kò tilẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n jẹ lówó ṣì wà ní Kubwa àti Mararaba, nọ́ńbà fóònù wọn kò sì tíì yí padà.