Ojú Àyálò

Èjìgbò ni wá, ìlú Ògìyán. Kò sẹ́ni tó lè ta iṣu jíjẹrà fún wa lọ́sàn-án gangan. A ó gbé e lọ́wọ́ wò bóyá ó wúwo, a ó fi èékánná ha á lára, a ó tẹ ìdí rẹ̀ wò, a ó sì bi ìyá tó ń tà á pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé iṣu tuntun ni àbí ti èṣí?" Tó bá jẹ́ ata ni, ojú á rí i. Tó bá jẹ́ ẹja ni, imú á gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú olójú ò jọ ojú ẹni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, tó bá jẹ́ ti iṣu.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí iṣu, ká rìn díẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kẹ́mísì. Páálí kékeré kan wà lórí pẹpẹ. Wọ́n kọ orúkọ oògùn ibà sí i lára, nọ́ḿbà NAFDAC wà níbẹ̀, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán náà wà níbẹ̀. Ojú wa rí gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ kò rí nǹkan kan. Oògùn gidi funfun. Ẹfun tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, òun náà funfun. Oògùn gidi korò. Ohun tó ń pani náà lè korò, ó sì lè dùn. Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí: níbi tí ojú ẹni ò bá ti ríran, ojú ta ló yẹ ká fi wò? Tí ojú tí a yá bá sì sùn lọ, ta ló jẹ̀bi?

A ní àwọn ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n gbà pé ìjọba ti ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọjà jù. Wọ́n ní ẹni tó ń rà ni kó lajú rẹ̀. Wọ́n ní ọjà tó bá burú, àwọn èèyàn á pa á tì, ẹni tó ń tà á á sì kógbá sílé. Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwíà la tiẹ̀ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ jù: tí áàpù kan ò bá dáa, yọ ọ́ kúrò lórí fóònù, gbé òmíràn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mu oògùn burúkú lè má padà wá sọ́jà mọ́ láé. Ibo ló ti fẹ́ kọ́gbọ́n?

Ẹ jẹ́ ká mú kẹ́míkà kan ṣoṣo yẹ̀ wò, diethylene glycol. Kò ní àwọ̀, ó ki díẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Ó jọ glycerine àti propylene glycol tí wọ́n fi ń po oògùn olómi, bí omi ṣe jọ omi. Owó rẹ̀ kéré sí tiwọn, ìdí nìyẹn tí àwọn oníjìbìtì fi ń tà á dípò wọn. Kíndìnrín ló ń bà jẹ́. Ọmọ tó bá mu ún ò ní lè tọ̀ mọ́, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1937, ilé iṣẹ́ Massengill fi í po oògùn kan tí wọ́n pè ní Elixir Sulfanilamide. Èèyàn tó lé ní 100 ló kú. Òfin ibẹ̀ nígbà náà ò sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ dán oògùn wò kí wọ́n tó tà á. Ẹ̀sùn tí ìjọba rí kà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni pé orúkọ tí wọ́n sọ oògùn náà ò bá a mu: ohun tó bá ń jẹ́ elixir gbọ́dọ̀ ní ọtí nínú, èyí ò sì ní. Ẹ̀sùn orúkọ! Ká ní orúkọ mìíràn ni wọ́n sọ ọ́ ni, wọn ì bá má rí òfin tó máa mú wọn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1938, ni wọ́n tó ṣe òfin tuntun.

Kẹ́míkà yìí kan náà ló pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti Jos lọ́dún 1990, nínú paracetamol olómi. Ó pa àwọn ọmọ ní Haiti lọ́dún 1996. Ó wà nínú oògùn ikọ́ ní Panama lọ́dún 2006. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé òun náà wà nínú àwọn oògùn olómi tí wọ́n kó láti Íńdíà wọ Gambia, níbi tí ọmọ tó lé ní 60 ti kú. Nínú gbogbo àwọn ìyá wọ̀nyẹn, èwo la fẹ́ sọ fún pé kó lajú? Ká ní wọ́n tọ́ ọ wò, adùn ni wọn ì bá bá níbẹ̀.

Ìdí rèé tí a fi ní NAFDAC. Òfin ìjọba ológun, Decree 15 ti ọdún 1993, ló dá a sílẹ̀, àmọ́ ìgbà tí Dora Akunyili jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀, láti 2001 sí 2008, ni tọmọdé tàgbà mọ orúkọ rẹ̀. Ayédèrú insulin ló pa àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́dún 1988. Lọ́dún 2003, àwọn agbébọn yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀, ọta ibọn sì gba ara gèlè rẹ̀ kọjá. Ojú tó ṣọ́ni títí dé ibi tí wọ́n fi yìnbọn sí i, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ láti máa wá nọ́ḿbà NAFDAC lára páálí.

Ṣùgbọ́n kí ni nọ́ḿbà yẹn ń sọ fún wa gan-an? Ní ìparí ọdún 2008, oògùn eyín ọmọdé kan wà lọ́jà tó ń jẹ́ My Pikin. Ilé iṣẹ́ Barewa ní Èkó ló ń ṣe é. Ẹ má rò pé ayédèrú ni o. NAFDAC mọ̀ ọ́n, ó ti forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ń wá propylene glycol, ọwọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan tí kò níwèé àṣẹ, l'Ékòó níbẹ̀, ni wọ́n ti rà á. Diethylene glycol ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ọmọ 84 ló kú. Lọ́dún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà méjì lẹ́wọ̀n ọdún 7.

Nọ́ḿbà náà ò parọ́. Ohun tí à ń bi í ni kò mọ̀. Ó mọ fáìlì tí wọ́n gbé wá sí ọ́fíìsì. Kò mọ kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn náà.

Nínú iṣẹ́ tiwa, a mọ irú rẹ̀. Lọ́dún 2020, àṣírí tú pé àwọn kan ti yọ́ wọ ilé iṣẹ́ SolarWinds ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti ki kóòdù burúkú bọ inú sọ́fítíwíà wọn kí ilé iṣẹ́ náà tó lu òǹtẹ̀ lù ú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníbàárà ló gbé e sórí ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà wọn yẹ òǹtẹ̀ náà wò, ojúlówó sì ni. Òǹtẹ̀ lè sọ ẹni tó di ẹrù fún wa. Kò lè sọ ohun tó wà nínú ẹrù.

Lọ́dún 2010, NAFDAC gbé ètò mìíràn jáde. Lára páálí oògùn ibà àti àwọn oògùn mìíràn, ibì kan wà tí a máa ha bí ẹni ha káàdì ìpè. A ó fi nọ́ḿbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láìsan kọ́bọ̀, èsì á sì wọlé bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Ètò tó dáa ni, inú àwa ará ìdí kọ̀ǹpútà sì dùn sí i. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló lè dáhùn: ṣé ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí ló ṣe é lóòótọ́? Ká ní ó wà lára My Pikin ni, "ojúlówó ni" ni èsì tí àwọn ìyá yẹn ì bá rí gbà.

Nǹkan kejì tún wà níbẹ̀. Ètò náà sọ iṣẹ́ ìṣọ́ kalẹ̀ lórí aláṣẹ, ó gbé e ka aláìsàn lórí. Ìyá àgbà kan wà lábúlé lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ara ọmọ ọmọ rẹ̀ gbóná lóru, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí. Ṣé òun la wá fẹ́ sọ di ọ̀gá tó ń yẹ oògùn wò? Tí kò bá ha páálí ńkọ́? A ó ní òun ló fà á. Iṣẹ́ tí a bá pín fún gbogbo èèyàn, ẹ̀bi rẹ̀ náà á máa pín kiri, títí kò fi ní bá ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn kan á ní ojútùú rẹ̀ ò le: ká ti gbogbo kẹ́mísì pa, kó jẹ́ apòògùn tó kàwé nìkan lá máa tà. Àwa ọmọ Èjìgbò mọ ibi tí wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ wò. Ilé tí kò ní ẹbí ní Abidjan ò pọ̀ nílùú wa. Ní Côte d'Ivoire, òfin tí wọ́n jogún lọ́wọ́ Faransé ní ilé oògùn tí apòògùn wà ńbẹ̀ nìkan ló láṣẹ láti ta oògùn fáráyé. Síbẹ̀, ní Adjamé, ní Abidjan kan náà, ọjà kan wà tó ń jẹ́ Roxy, oògùn ìta gbangba ló sọ ọ́ dolókìkí. Òfin ti ilẹ̀kùn, àìlówó sì ṣí fèrèsé.

Nílé wa níbí, òfin gba kẹ́mísì láyè, tó bá ti níwèé àṣẹ Pharmacy Council, kó máa ta oògùn wẹ́wẹ́ tí kò nílò ìwé dókítà. Ẹni tó bá ti gbé abúlé rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í mọ síbẹ̀. Kẹ́mísì ni nọ́ọ̀sì, òun ni dókítà, òun náà ló ń tà láwìn. Lóṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn ńláńlá mẹ́ta pa lẹ́ẹ̀kan náà: Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, Ariaria ní Aba, àti èyí tó wà nídìí afárá Onitsha. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni àwọn kẹ́mísì kéékèèké ti ń kó ọjà. Nígbà tó yá, wọ́n tún ṣí wọn.

A ò bínú pé wọ́n tì wọ́n. Ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn ni pé tí a bá ti ibi tó súnmọ́ aláìsàn jù láìgbé òmíràn síbẹ̀, ohun tí à ń sọ fún ará abúlé ni pé kó má ṣàìsàn. Tí a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé tálákà ni wọ́n, ohun tí à ń sọ ni pé májèlé dáa tó fún tálákà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò ṣeé gbọ́ sétí.

Èrò tiwa ni pé ìṣọ́ oògùn ò sọ ìjọba di bàbá wa, kò sì sọ wá di ọmọdé. Ojú la yá, torí tiwa ò ríran níbẹ̀. A sì ń sanwó ojú náà, torí owó tí ilé iṣẹ́ ń ná láti gba nọ́ḿbà, orí iye tí à ń ra páálí ló ń padà sí. Ẹni tó bá yá wa lójú jẹ wá ní gbèsè kan: kó sọ ohun tó rí. Ó yẹ kó yẹ kẹ́ẹ̀gì wò kí wọ́n tó pò ó pọ̀, kó má jẹ́ fáìlì nìkan. Ó yẹ kó kéde oògùn tó bá kùnà àyẹ̀wò pẹ̀lú nọ́ḿbà àgbéjáde rẹ̀, lórí rédíò, ní èdè tí ìyá àgbà yẹn gbọ́. Ó sì yẹ kó sọ kẹ́mísì abúlé di ara ojú náà: kó kọ́ ọ, kó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kó máa bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún wá kó ẹrù lọ, ìyẹn ò tíì ṣọ́ nǹkan kan.

Àwa tí a yá ojú náà jẹ gbèsè. Tí oògùn ò bá ṣiṣẹ́, a máa ń ní kò bá ara wa mu, tàbí ká ní ọwọ́ ayé ló wà ńbẹ̀. A ó ju páálí nù, a ó lọ ra òmíràn. Nídìí kóòdù, àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni ò bá fi tó ẹni tó kọ ọ́ létí á wà níbẹ̀ títí á fi ṣe ẹlòmíràn léṣe. Lọ́dún 2008, àwọn dókítà ló kíyè sí i pé àwọn ọmọ tí kíndìnrín wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Wọ́n bi àwọn ìyá léèrè ohun tí ọmọ mu, wọ́n sì ké gbàjarè. Ìbéèrè yẹn ló tú àṣírí. Nọ́ḿbà ò tú u.

Nítorí náà, tí ẹ bá ra oògùn, ẹ wo nọ́ḿbà. Ẹ ha ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ha. Ẹ má ju páálí nù títí ara aláìsàn á fi yá. Tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún dókítà tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí NAFDAC lórí áàpù Med Safety. Lẹ́yìn náà, tí àwọn tó fẹ́ ìbò yín bá dé Èjìgbò, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí nọ́ḿbà ò lè sọ fún wa: ta ló yẹ kẹ́ẹ̀gì wò, kí ló sì rí?