Ẹ̀bùn Ọdún Tàbí Àbẹ̀tẹ́lẹ̀?



Àkókò Kérésìmesì ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rin ìrìnàjò. Ẹlòmíràn ní ọmọ ní Accra, ẹlòmíràn ní àbúrò ní Lomé tàbí ní Abidjan, a sì fẹ́ bá wọn jẹ ọdún Ìbí Olúwa. Láti Èkó dé Accra, ibodè mẹ́ta ni ẹni tí ó gba orí ilẹ̀ yóò là kọjá, ó sì lè fi odindi ọjọ́ kan rìn ín. Ọkọ̀ òfuurufú a máa fò ó ní nǹkan bí wákàtí kan. Nítorí pé aago Ghana fi wákàtí kan kẹ́yìn tiwa, ẹni tí ó gbéra ní Ìkẹjà ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ lè balẹ̀ kí ó bá wọn ní agogo mẹ́sàn-án náà. Ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n bí ara ti ń yára rìn tó, kò yẹ kí a fi ẹ̀rí-ọkàn sílẹ̀ sí ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rin irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ibodè àti ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀: ‘Ọdún wa ńkọ́?’ Ìwé ìrìnnà rẹ wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà; òǹtẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì tí ì lù ú. Àwọn ènìyàn tò lẹ́yìn rẹ. Ìwọ náà ki ọwọ́ bọ àpò. Ìbéèrè wa ti ọ̀sẹ̀ yìí ni pé: ohun tí o mú jáde nínú àpò yẹn, ẹ̀bùn ọdún ni, tàbí àbẹ̀tẹ́lẹ̀?

Àwọn kan yóò wí pé: ‘Àkókò ìfúnni ni àkókò yìí, àwọn amòye láti Ìlà-Oòrùn pàápàá mú ọrẹ wá fún Jésù ọmọ-ọwọ́. Òṣìṣẹ́ náà ní aya àti ọmọ, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Kí ni ó burú níbẹ̀?’ Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, nítorí kò sí Yorùbá kan tí ó fẹ́ kí a pe òun ní ahun ní ọjọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Obìnrin kan wà ní pápákọ̀ kan náà tí ó ń gbálẹ̀ láti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Òun náà bímọ; owó oṣù tirẹ̀ tilẹ̀ kéré ju ti ẹni tí ó wọ aṣọ ìjọba. Mélòó nínú wa ni ó fún un ní ọdún? A kọjá lára rẹ̀, nítorí pé kò sí òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń fúnni ní ẹ̀bùn a máa wo ojú ẹni tí ó ń fún. Ẹni tí ó ń fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ohun tí ó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún ni ó ń wò.

Ohun tí a ń tà fún wa níbẹ̀, tiwa ni tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1979, ní ìlú Dakar, àwọn ìjọba tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ECOWAS fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà tí ó péye àti ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àwọn àgbà wa mọ iyì ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì; ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá tí ń ṣòwò níbẹ̀ fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará Ghana àti àwọn àlejò mìíràn. Títí di òní ni a ń pe báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ní ‘Ghana Must Go’. Lẹ́yìn irú ẹkún bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹ̀tọ́ àlejò di ọjà ní ẹnu ibodè.

Njẹ́ ẹ̀bi kan náà ni ti gbogbo ẹni tí ó bá san owó yìí? Rárá o. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, tí a dá dúró títí ọkọ̀ rẹ̀ fi fẹ́ gbéra, tí ìyá rẹ̀ sì wà lórí àìsàn ní ìlú tí ó ń lọ, ẹni tí a jà lólè ni. Ọrùn ẹni tí ó gba owó náà ni ẹ̀bi wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí ó ra káàdì rẹ̀ lásán tàbí tí ó fi owó sínú ìwé ìrìnnà kí a má baà bi í, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ̀fọn ni ó ń gbé àìsàn náà láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ni ó fi wewu. Ẹni tí ó sì fi owó ra iwájú ìlà nítorí ìkánjú ti jí àkókò àwọn tí ó tò dè é. Bí a bá pe orí ajá, a ó pe orí ìkòkò tí a fi sè é: a kò lè bá ẹni tí ó gba owó wí kí a fi ẹni tí ó fún un sílẹ̀.

Níkẹyìn, ẹ wo ẹni tí ó kàn lẹ́yìn wa. Bóyá ọ̀dọ́mọbìnrin aránṣọ kan ni, tí ó fi ọ̀pọ̀ oṣù tu owó tíkẹ́ẹ̀tì jọ, tí kò sì ní nǹkan lọ́wọ́ mọ́. Ohun tí àwa fi ẹ̀rín san ni wọn yóò fi ìbínú béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí ni ohun tí a pè ní ìtọrẹ ti di ìnilára fún tálákà.

Nínú Ìyìn Rere Lúùkù Mímọ́, orí kẹta, àwọn agbowó-òde àti àwọn ọmọ-ogun bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi léèrè ohun tí wọn yóò ṣe. Kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má gba ju ohun tí a pa láṣẹ lọ, kí wọ́n má fi ipá gba owó ẹnikẹ́ni, kí owó iṣẹ́ wọn sì tó wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ibodè, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kò pẹ́ tí àwọn amòye lọ tán tí Jósẹ́fù Mímọ́ fi gbé Màríà Wúndíá àti Ọmọ náà sá lọ sí Íjíbítì, ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí. Nínú ìwé tí Pópù Píúsì Kejìlá kọ ní ọdún 1952, ó fi Ẹbí Mímọ́ nínú ìsáǹsá wọn ṣe àwòkọ́ṣe fún gbogbo ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ àjèjì. Ta ni nínú wa ni ó lè na ọwọ́ sí Jósẹ́fù, kí ó ní kí ó yọ díẹ̀ fún òun nínú wúrà Ọmọ náà kí òun tó jẹ́ kí wọ́n kọjá?

Nítorí náà, ẹ̀yin arìnrìnàjò, ẹ tètè wá ìwé yín. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán, ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìnàjò. Láti oṣù Keje ọdún 2016 ni a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan náà tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé káàdì yín ti gbó. Ẹ tètè dé pápákọ̀, kí ìkánjú má baà di ìdánwò. Bí wọ́n bá sì ní, ‘Ọdún wa ńkọ́?’, ẹ fi ọ̀yàyà dáhùn pé, ‘Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé,’ kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́. Owó tí ẹ ti pèsè sílẹ̀, ẹ fi fún obìnrin tí ń gbálẹ̀.

Jésù, Màríà àti Jósẹ́fù, ẹ bá wa rìn. Àmín.