Gbèsè Ta Ni Onímọ̀ Jẹ?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ohun tí ọmọnìyàn kò mọ̀ mọ̀ ọ́n. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ìbéèrè kan wò. Bí ọmọ wa bá ṣe ìwádìí ní yunifásítì títí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ta ni ó ni ìmọ̀ tí ó kó jọ? Ṣé tirẹ̀ nìkan ni, tàbí gbèsè ẹlòmíràn wà lọ́rùn rẹ̀?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ẹni tí kò mọ Rẹ́mọ mọ́ obì. Ní Ṣàgámù, láti Òfin dé Sábó, owó obì ti tọ́ ọmọ, ó ti kọ́lé. Kòkòrò tí ń jẹ obì sì ni ọ̀tá olóbì. Àwọn onímọ̀ ti ń wádìí rẹ̀ tipẹ́, pàápàá ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́, Ìbàdàn, tí iṣẹ́ wọn kan obì pẹ̀lú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá tú agbọ̀n ìyá olóbì wò, tí ó bi í ní ìbéèrè, tí ó sì lọ kọ ìwé ńlá lédè Gẹ̀ẹ́sì tí eruku ń bò lórí pẹpẹ, èrè wo ni ìyá náà jẹ? Àmánà ni ohun tí ó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. A kì í jẹ àmánà mọ́lẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò ṣeé sọ fún gbogbo ènìyàn, pé bí a bá gé e kúrú, a ó bà á jẹ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí egbògi rẹ̀ pa kòkòrò àrùn nínú ìgò, tí ó wá kéde lórí rédíò pé òun ti rí ìwòsàn, ti ṣi ará ìlú lọ́nà. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé ọ̀bẹ lè gé ni lọ́wọ́ kí a má kọ́ ọmọ bí a ti ń gé iṣu. Ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ sísọ.

Ànábì Mùsá (AS) pàápàá, nínú Súrà Tọ̀ọ́hà, bẹ Ọlọ́hun kí Ó tú kókó ahọ́n òun, kí ọ̀rọ̀ òun lè yé àwọn ènìyàn. Sayyidinà Alíyù (RA) sì gbà wá níyànjú pé kí a máa bá ènìyàn sọ ohun tí òye rẹ̀ lè gbé. Àwa ilé-kéwú mọ èyí. Nínú tafusíìrì Ramadan, ajánàsì a ka Lárúbáwá, àáfà a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Bí ìyá aláta kò bá lóye, àáfà kò tíì ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 2008, Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà dá ìdíje kan sílẹ̀, Three Minute Thesis. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé yóò fi ìṣẹ́jú 3 àti àwòrán 1 péré ṣàlàyé iṣẹ́ ọdún púpọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá nínú rẹ̀. Ọ̀dá omi ni ó fa èrò náà: àwọn ará ibẹ̀ ń fi aago ka ìṣẹ́jú 3 fún ìwẹ̀ wọn. Ìdíje náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, Mùsùlùmí bíi tiwa, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìṣẹ́jú 10 ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú. Kí ó fi Yorùbá sọ ohun tí ó wá, ohun tí ó rí, àti ohun tí kò tíì mọ̀. Ìkẹta yìí ni kò ní jẹ́ kí ó puró. Kí àwọn ìyá wa sì bi í ní ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń san gbèsè ìmọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ń ṣe ni láǹfààní. Àmín.