Ǹjẹ́ Ohun Tí A Rí Nígbà Gbogbo Ti Di Òtítọ́ Bí?

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ogún ọdún náà, kí ni àwọn tí ó gbà á gbọ́ ń pè é? Òtítọ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ohun tí ó jọ ẹ̀rí rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe mọ ìyàtọ̀? Ẹ jẹ́ kí a bi ìmọ̀ ìṣirò léèrè, nítorí òun kì í ṣe ojúsàájú.

Bí a bá mú ọmọ ayò 12, a lè tò wọ́n ní ìlà mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí a bá mú 7, bó ti wù kí a tò wọ́n, àwọn ìlà náà kò ní dọ́gba, àfi bí a bá tò wọ́n sí ìlà kan ṣoṣo, tàbí kí olúkúlùkù dá wà. Irú iye bẹ́ẹ̀, bíi 2, 3, 5, 7 àti 11, ni a ó pè ní iye aláìṣeépín. Àwọn ni òkúta tí a fi mọ gbogbo iye yòókù: 12 kò ju 2 lọ́nà 2 lọ́nà 3 lọ. Euclid, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì, ti fi hàn ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Kristi pé wọn kò lópin. Kò kà wọ́n tán; ó ronú ni. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun ti kó gbogbo wọn jọ, kí ó sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀, kí ó sì fi 1 kún un. Iye tí yóò rí, bí a bá fi èyíkéyìí nínú wọn pín in, 1 yóò ṣẹ́ kù. Nítorí náà, aláìṣeépín mìíràn wà tí kò kó.

Ní nǹkan bí ọdún 1792, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Jámánì kan, Gauss, bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó wà kí a tó dé 100. 168 kí a tó dé 1,000. 78,498 kí a tó dé 1,000,000. Ó rí ìlànà kan tí ó sún mọ́ iye wọn gidigidi: ní 1,000,000, nǹkan bí 130 péré ni ó fi pọ̀ jù. Bí a bá fo àwọn iye kéékèèké ìbẹ̀rẹ̀, ibikíbi tí ènìyàn kà dé, ìlànà náà ni ó ń pọ̀ jù. Ta ni kò ní búra pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí láé? Ṣùgbọ́n ní ọdún 1914, Littlewood ti Cambridge fi ìrònú hàn pé yóò yí padà, àti pé yóò yí padà ní ìgbà tí kò lóǹkà. Ibẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi kíkà dé e.

Nínú ọ̀ràn yìí kan náà ni àdììtú tí ó tóbi jù wà. Ní 1737, Euler fi hàn pé bí a bá ṣe àròpọ̀ kan láti ara gbogbo iye, bíi ìdá 1, ìdá 4, ìdá 9, ìdá 16, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, bákan náà ni yóò rí pẹ̀lú ìsọdipúpọ̀ kan tí a mú láti ara àwọn aláìṣeépín nìkan. Ní 1859, Riemann, ọmọ àlùfáà Luther, fẹ àròpọ̀ yìí lójú, ó sì fi zeta, lẹ́tà Gíríìkì, pè é. Ó rí i pé àwọn ibi tí zeta ti di òfo ni ó ń darí bí ìlànà Gauss ṣe ń ṣì. Yàtọ̀ sí àwọn òfo kan tí ó rọrùn láti mọ̀, ó dà bí ẹni pé gbogbo ìyókù wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Riemann kọ ọ́ pé ó jọ bẹ́ẹ̀, ó gbìyànjú ẹ̀rí rẹ̀, kò rí i, ó sì jẹ́wọ́. Títí di 2004, 10,000,000,000,000 òfo àkọ́kọ́ ni a ti fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ wò. Ọ̀kankan kò yà kúrò. Síbẹ̀, àwọn oníṣirò kò pè é ní ohun tí a mọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: “Àgbẹ̀ kò dúró de ẹ̀rí kí ó tó gbin iṣu, òjò tí ó rọ̀ lésìí tó fún un.” Òtítọ́ ni. A lè fi ohun tí ó jọ òtítọ́ ṣiṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ebi yóò pa wá. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí a lè búra lé lórí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọmọ kan kùnà ìdánwò ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a sì pè é ní olódo níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa náà ti ṣe é rí. Bí ẹgbàágbèje ẹ̀rí kò bá tó fún oníṣirò láti dá òfo kan lẹ́jọ́, báwo ni ẹ̀ẹ̀mẹta ṣe tó fún wa láti dá ọmọ ènìyàn lẹ́jọ́? Ẹ jẹ́ kí a kọ́ láti sọ ohun tí Riemann sọ: “Ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀.” Olùkọ́ tí ó bá lè sọ ọ́ láìtijú, òun ni ọmọ yóò gbà gbọ́ nígbà tí ó bá wí pé, “Èyí ni a mọ̀.”