Dókítà Ọmọdé: Àìní Ìlú Ni, Àbí Àǹfààní Ẹni?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan ni ọmọ kéwú wa kan bi wá ní Pópó Yemọja níbí, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó wàláà wọn nílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ti ṣe ìdánwò JAMB, máàkì rẹ̀ sì dára. Ó ní, "Ùsítáàsì, dókítà àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ dà. Àwọn ará ilé wa ní owó kò sí nídìí rẹ̀, àfi tí mo bá lọ sí ìlú òyìnbó. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá kọ́ ọ tán tí mo lọ?" A kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. A ní kó padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Kì í ṣe pé a kò ní èsì lẹ́nu. Èsì tó yá wá lẹ́nu gan-an ni ọkàn wa kò gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kúrò nílẹ̀, nítorí ìyẹn kò le. Iṣẹ́ wà. Nígbà tí ìjọba ka ènìyàn ní 1952, àwọn ará Ìbàdàn kò ju nǹkan bí 460,000 lọ. Nígbà tí yóò fi di 2006, ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó pín Ìbàdàn láàárín ara wọn ti ní ju mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ lọ, ìlú sì tún ti gbòòrò sí i láti ìgbà náà. Nínú ènìyàn 10 ní Nàìjíríà, ó tó 4 tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ìwádìí tí ìjọba ṣe ní 2023 sí 2024 fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí a bí láàyè, 110 ni kì í pé ọmọ ọdún 5. Ibà, ìgbẹ́ gbuuru, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, fòníkú-fọ̀ladìde: gbogbo ìwọ̀nyí ń wá ẹni tí yóò mọ̀ wọ́n dunjú. Ẹni tó bá kọ́ ọ lè ṣiṣẹ́ ní UCH tí wọ́n ṣí ní 1957, tàbí ní Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu, tàbí ní ilé-ìwòsàn ọmọdé Oni Memorial ní Ring Road. Ó lè dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ó lè máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì lè mú àrùn ọkàn tàbí ti kíndìnrín ọmọdé nìkan, kó fi ìyẹn ṣiṣẹ́ jẹ. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tí kì í tán, kó má wulẹ̀ wá a lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ń pè é, "àǹfààní", ni ó ń jẹ wá lọ́kàn. Aláṣọ tó dé ìlú tí kò sí aṣọ, àǹfààní ló rí, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí. Bí ó bá fi owó lé e jù, a ó wọ ti àná. Ẹni tí dókítà ọmọdé ń tọ́jú kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́ta kò lè ná ọjà, kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, kò sì lápò. Ẹlòmíràn ló ń sanwó fún un, nítorí náà ibi tí olówó bá wà ni ilé-ìwòsàn tuntun ń lọ: Bódìjà, Àkóbọ̀, Olúyọ̀lé. Ní Pópó Yemọja, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, níbi tí ilé ti fara kan ilé, tí yàrá kan ń gba ìyá àti ọmọ márùn-ún, ẹni tó súnmọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná ní aago méjì òru ni kẹ́mísìtì àti ìyá alágbo. A kò bú wọn o. Àwọn ló ṣílẹ̀kùn.

A mọ ohun tí à ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà ní ilé-kéwú wa tí gìrì mú lóru ọjọ́ kan. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù pò ni wọ́n gbé wá, irú èyí tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, àwọn àgbàlagbà ń pariwo, ọmọ ti pa eyín pọ̀. Ẹni tó di orí rẹ̀ mú kí wọ́n lè rọ ọ́ sí i lẹ́nu, àwa tí à ń kọ̀wé yìí ni. A sì ti jáde ní yunifásítì nígbà náà. Nígbà tí a gbé e dé ilé-ìwòsàn, dókítà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tó lé ní ogún sì wà níwájú rẹ̀. Kò jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. A sin ọmọ náà kí oòrùn tó kan àtàrí. A gbọ́ pé dókítà yẹn ti wà ní ìlú òyìnbó báyìí. A kò lè bínú sí i.

Nínú òfin ẹ̀sìn wa, ọ̀ranyàn kan wà tí à ń pè ní fárílù kífáyà: bí àwọn kan bá ti ṣe é dójú àmì, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, bí kò bá sí ẹni tó ṣe é, gbogbo ìlú ló jẹ̀bi. Ìmọ̀ ìṣègùn wà lára rẹ̀. Imam al-Ghazālī, tó kú ní 1111, ráhùn nínú Iḥyā' pé ìlú púpọ̀ wà tí kò sí Mùsùlùmí kan tó ń ṣe dókítà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ lọ sídìí ìmọ̀ òfin àti àríyànjiyàn inú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ipò wà. Ó ti lé ní 900 ọdún, ṣùgbọ́n àfi bíi pé ó gba Ọjà'ba kọjá láàárọ̀ yìí. Ká sọ òótọ́, àwa Àfáà ní ìpín nínú ẹ̀bi náà. Mélòó nínú wa ló sọ fún ọmọ tó mọ ìṣirò pé kó lọ ka sáyẹ́ǹsì? Mélòó ló sọ ọ́ fún ọmọbìnrin? Al-Rāzī, ọ̀gá ilé-ìwòsàn ní Rayy àti ní Baghdad, tó kú ní 925, ló kọ ìwé tó fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ìgbóná àti èéyi. A máa ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn níbi wáàsí. A kì í rán ọmọ wa tẹ̀lé e.

Èsì tó yá wá lẹ́nu fún ọmọbìnrin náà ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ ni, jókòó síbí." Ó rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Ọdún 6 ni yunifásítì, bí àwọn olùkọ́ kò bá da iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún 1 ti iṣẹ́ kíkọ́ ní ilé-ìwòsàn. Ọdún 1 ti agùnbánirọ̀. Lẹ́yìn náà ọdún bí 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí National Postgraduate Medical College tàbí West African College of Physicians tó gbà pé ó ti di ọ̀gá nínú ìtọ́jú ọmọdé. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń tajà ní Gbági ti kọ́lé, ó ti fi ọkọ̀ gbé ìyá rẹ̀.

Síbẹ̀, a kò lè sọ pé kò sí gbèsè. Ní 2025, mínísítà fún ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé dókítà tó lé ní 16,000 ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún 5 sí 7, àti pé owó tí a fi ń kọ́ dókítà kan ju 21,000 dọ́là lọ. Owó-orí ìyá elélùbọ́ wà nínú owó yẹn. Ibi tí a ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń pariwo "ọ̀dàlẹ̀" ni orí ẹni tó ni gbèsè. Kì í ṣe ìjọba tó ń jẹ dókítà lówó oṣù ló ni ín. Kì í ṣe àwa tí a kò dá kọ́bọ̀ sí i rí. Ọmọ tí gìrì yóò mú lóru ọ̀la ló ni ín, kò sì lè bèèrè.

Ọ̀nà tí a lè gbà san án kò sì pin sórí pé kí dókítà wá jókòó sí Pópó Yemọja. Ní 1956, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ṣiṣẹ́ ní Imẹ̀sí-Ilé nítòsí ibẹ̀. Ó dá kílíńìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà: wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fa ìlà ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì, ìyá ọmọ ló sì ń mú káàdì lọ sílé. Káàdì yẹn ti rin ayé já. Olikoye Ransome-Kuti, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtọ́jú ọmọdé ní Èkó, tó ṣe mínísítà ìlera láti 1985 sí 1993, mú kí àwọn ìyá mọ bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ìyá wa tí kò mọ̀wé mọ ìwọ̀n rẹ̀ lórí títí di òní. Ká ní ẹnì kan ti wá bá wa sọ̀rọ̀ gìrì ní ilé-kéwú fún wákàtí kan péré ni, bóyá a kì bá tí di orí ọmọ yẹn mú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọbìnrin náà dé, bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e. A sọ fún un pé lílọ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ń wá ìmọ̀ kún ìmọ̀ kò ṣẹ̀, ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ohun tí à ń bẹ̀rù fún un ni kó lọ láìfi ohun tó mọ̀ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kó sì gbàgbé pé gbèsè wà. Ó gbọ́ ọ tán, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun sà. Ẹ̀yin ńkọ́ sà, kí ni ẹ máa ṣe?" Bàbá rẹ̀ fẹ́ jágbe mọ́ ọn, a ní kó fi í sílẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ kejì, a ṣí ìwé owó. Ibi tí a kọ aṣọ ẹgbẹ́jọdá Máúlúdì sí gba odidi ojú ìwé kan. A ní kí a kọ owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà fún ọdún àkọ́kọ́ sí ojú ìwé kejì. Àwọn kan nínú wa kò fẹ́. Wọ́n ní, bó bá lọ ńkọ́? A sọ ọ́ títí di ìrun Àṣámù. Nígbà tí a dìbò, ó fi ìbò mẹ́ta wọlé.