Òrùka Lẹ́sẹ̀ Ẹyẹ: Àǹfààní ni, àbí Ìnira?

Nígbà tí a ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi òrùka sí ẹsẹ̀ ẹyẹ ní àbàtà Djoudj, ọ̀kan nínú wọn bi wá pé: "Ààfáà, ta ni ó fún ènìyàn láṣẹ láti fi irin sí ẹyẹ Ọlọ́hun lẹ́sẹ̀?" Ọmọ náà ti kà nínú Súrátùl-Án'ámù pé ìjọ bí tiwa ni àwọn ẹyẹ. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọdé.

Ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl ni Djoudj wà, nítòsí ìlú Saint-Louis. Ọdún 1971 ni ìjọba ibẹ̀ sọ ọ́ di ọgbà ìpamọ́ ẹyẹ. Nígbà tí òtútù bá dé sí Yúróòpù, àwọn ẹyẹ a gbéra, wọn a la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, omi Djoudj sì wà lára omi aláìníyọ̀ àkọ́kọ́ tí wọn yóò bá pàdé. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń ta àwọ̀n tín-ín-rín sí. Wọn a yọ ẹyẹ jẹ́jẹ́, wọn a wọn apá rẹ̀, wọn a fi àpò kékeré gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọn a fi òrùka àlùmíníọ́mù tí ó ní nọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀, wọn a sì tú u sílẹ̀. Olùkọ́ bíi tiwa ni ó dá irú òrùka yìí sílẹ̀: Mortensen, ará Dẹ́máàkì, ní 1899.

Ẹ má jẹ́ kí á yára dáhùn. Nínú ìrìn-àjò kan, àwọn Sàábé mú ọmọ ẹyẹ méjì. Ìyá wọn dé, ó ń na ìyẹ́ rẹ̀ kiri. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) béèrè ẹni tí ó bà á nínú jẹ́, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n Ojíṣẹ́ yìí kan náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sára ràkúnmí sàká, ó sì gégùn-ún fún ẹni tí ó sàmì sí ojú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ràkúnmí sàká kì í ṣe ti ẹni tí ó sàmì sí i. Ti àwọn aláìní ni, àmì náà ni kò jẹ́ kí ó sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kí wá ni ẹyẹ rí gbà nínú òrùka tirẹ̀? Irú alápàńdẹ̀dẹ̀ kan wà tí ó máa ń gbẹ́ ihò sétí odò ní Yúróòpù. Òrùka wà lára ohun tí ó fi hàn pé ọdún tí òjò bá wọ́n ní Sàhẹ́lì, púpọ̀ nínú wọn kì í padà délé. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ihò wọn lọ́hùn-ún, bí àbàtà ìhín bá gbẹ, iṣẹ́ òfo ni ó ń ṣe. Bí a bá sì mọ èyí tán tí a ṣì ń gbẹ àbàtà, ìdálóró lásán ni gbogbo àwọ̀n tí a ta. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà nìyẹn lójú tiwa, kì í ṣe nínú òrùka. (Ẹni tí ó bá rí irú òrùka bẹ́ẹ̀ lára ẹyẹ tí ó ti kú, ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ó rí. Kí ó ka ohun tí a kọ sí i, kí ó kọ̀wé sí àwọn tí ó ni ín, kí ó má fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn.)

Ohun kan nínú òfin iṣẹ́ náà tẹ́ wa lọ́rùn. Wọn kì í ta àwọ̀n nínú òjò, wọn a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Bí ẹyẹ kan bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lọ́wọ́ wọn, wọn a la ọwọ́, a fò lọ láìní òrùka, láìní nọ́ńbà nínú ìwé. A sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ṣì fẹ́ mọ ohun tí ẹyẹ náà yóò wí.